Kí A Tó Ta Oko Kajú: Ṣé Àyẹ̀wò Ìrìn Lè Sọ Bóyá Ẹ̀rọ Ọkàn Yóò Ṣe Bàbá Láǹfààní?

“Dókítà, ẹ̀gbọ́n wa, okun o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ẹni ọdún 68 ni Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ó ti tó ọdún méjì tí èémí ti ń há wọn láyà, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń wú. Ní Lokoja, dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, pé ìdá 28 nínú 100 ni agbára tó kù níbẹ̀, kí a lọ fi pésìmékà oní wáyà mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn, sí wọn láyà. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí Bàbá rìn fún ìṣẹ́jú 6. Mítà 240 ni Bàbá rìn, wọ́n sì dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé. Dókítà tún kọ àyẹ̀wò mìíràn, pé kí wọ́n lọ rìn lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ìbòmú. Màmá wa fárí gá, wọ́n ní ta ló ń ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e mọ́ lọ máa sáré? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní òun kà á pé nínú ẹni mẹ́ta tó bá fi ẹ̀rọ yìí sára, ẹnì kan kì í rí àǹfààní kankan. Oko kajú Bàbá la fẹ́ tà láti fi sanwó rẹ̀. Ṣé àyẹ̀wò ìrìn yìí lè sọ fún wa, kí a tó ta oko, bóyá ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́? Àbí mítà 240 yẹn ti fi hàn pé ó ti pẹ́ jù?”

Okun o, àbúrò mi. Ẹ kú aájò Bàbá, ẹ kú àìsùn. Mo ka ìwé yín tán, mo tún un kà, torí ẹ rò pé ìbéèrè kan lẹ bi mí, mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: ṣé àyẹ̀wò náà kò ní pa Bàbá, ṣé ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ fún wọn, ṣé ó sì tọ́ kí a ta oko tí Bàbá fọwọ́ ara wọn gbìn nítorí ohun tí kò dájú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ká yín lára jù bẹ̀rẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ìrìn kankan, ì báà ṣe ti ìṣẹ́jú 6, ì báà ṣe ti orí ẹ̀rọ, tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé pésìmékà oní wáyà mẹ́ta yóò ṣe ẹnì kan láǹfààní tàbí kò ní ṣe é. Ìwé ECG Bàbá, èyí tí ẹ̀rọ ya bí iná ọkàn ṣe ń lọ sí, ló sún mọ́ ìdáhùn yẹn jù. Ṣùgbọ́n ìrìn náà ń sọ àwọn nǹkan mìíràn tí ECG kò mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ kí oko yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mítà 240 kì í sì í ṣe ìdájọ́ ikú. Mo ti rí ẹni tí kò rìn tó bẹ́ẹ̀, tó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù àìmọ̀kan. Ìgbà kan wà tí àwa dókítà fúnra wa máa ń ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀, kó má ṣe ohunkóhun. A ti wá mọ̀ pé ìdùbúlẹ̀ yẹn ń jẹ iṣan ẹsẹ̀ wọn tán ni. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí Bàbá sáré. Bí a ṣe ń ṣe ti ìṣẹ́jú 6 rèé: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tẹ́jú, tó gùn tó mítà 30, a fi nǹkan sàmì sí ìkángun méjèèjì, a gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo máa ń sọ pé, “Bàbá, ẹ rìn bí agbára yín bá ṣe mọ, ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ dúró, ẹ fara ti ògiri, ẹ jókòó pàápàá. Aago kò ní dúró, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò ní bá yín wí.” Èmi kì í rìn níwájú wọn, torí ẹni tó bá ń rìn níwájú àgbàlagbà ti ń fà á nìyẹn. Ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń wò nígbà tí wọ́n bá ń yí padà ní ìkángun. Ibẹ̀ ni àárẹ̀ ti ń kọ́kọ́ hàn: bàtà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, ọwọ́ á lọ sára ògiri, ẹni tó ń bá wa tàkúrọ̀sọ tẹ́lẹ̀ á dákẹ́.

Ti orí ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ́ra ju ìrìn ẹni tó ń lọ sọ́jà, a ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Wáyà ECG á wà láyà, a ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbòmú á máa ka iye ọ́síjìn tí ara ń lò àti iye afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀fóró ń lé jáde. Dókítà á wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń jí ọkàn tó bá dákú á wà nítòsí. Bí Bàbá bá ti na ọwọ́ sókè báyìí, ó parí. Nínú ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ HF-ACTION, àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ bíi ti Bàbá ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò orí ẹ̀rọ tó lé ní 4,400 fún wọn, ìròyìn tó jáde ní 2009 sì fi hàn pé ẹnì kankan kò bá a kú. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò yẹ kí a ṣe é rárá o. Tí Bàbá kò bá lè mí dáadáa lórí ìjókòó, tí àyà bá ń dùn wọ́n lọ́sẹ̀ náà, tí ibà bá wà lára, tí fáàfù ẹnu ọ̀nà ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn bá ti há gan-an, kí wọ́n sún un síwájú tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Tí Bàbá bá nílò ìrọ̀rí kan sí i kí wọ́n tó lè sùn lóru tó ṣáájú àyẹ̀wò, ẹ sọ fún wọn kí Bàbá tó gun ẹ̀rọ.

Ní báyìí, kí ni ẹ̀rọ oní wáyà mẹ́ta yìí ń ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agbára ló ń bù fún ọkàn, bí ìgbà tí a fi bátìrì tuntun sí tọ́ọ̀ṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bí àwọn ọmọkùnrin méjì ṣe ń gbé àpò kajú sórí ọkọ̀ nígbà ìkórè. Ọ̀kan á di etí àpò yìí mú, èkejì á di tọ̀hún mú, wọ́n á kà á, “ọ̀kan, méjì, gbé!” Bí ẹnì kan bá gbé tiẹ̀ kí ẹnìkejì tó múra tán, àpò á fì sọ́dọ̀ ẹni tó pẹ́. Àwọn méjèèjì lágbára, síbẹ̀ àpò kò ní dé orí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn, èyí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara. Iná kékeré kan ló ń pàṣẹ fún un, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà lọ bíi wáyà. Bí wáyà apá òsì bá ti bàjẹ́, ògiri àárín á ti fún pọ̀ tán kí àṣẹ tó dé ògiri ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á kàn máa fì láti ibì kan sí ibì kejì nínú yàrá kan náà, díẹ̀ ló máa jáde. Ẹ̀rọ náà ní wáyà kan ní yàrá òkè apá ọ̀tún, ọ̀kan ní yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, èyí ẹ̀kẹta á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lẹ́yìn ọkàn lọ sí ara ògiri òsì tó ń pẹ́ yẹn. Kíkà ni ẹ̀rọ ń kà: “ọ̀kan, méjì, gbé.” Agbára tó ti wà nínú iṣan ọkàn tẹ́lẹ̀ ló ń kó jọ sójú kan.

Èyí ló fà á tí mo fi ní kí ẹ wá ìwé ECG jáde. Ní òkè ìwé náà, ẹ̀rọ á ti tẹ nọ́ńbà kan sí ẹ̀gbẹ́ QRS. Iye àkókò tí àṣẹ iná yẹn fi ń kárí àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ni, mìlísẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n fi ń kà á. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í tó 120. Tí ti Bàbá bá tó 150 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì kọ LBBB sí i, ìyẹn ni pé wáyà apá òsì ló bàjẹ́, tí agbára ọkàn kò sì ju ìdá 35 nínú 100 lọ, àwọn gan-an ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún. Láàárín 130 sí 149 pẹ̀lú LBBB, ìdí ṣì wà láti ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára tó ti àkọ́kọ́. Tí kò bá tó 130, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi sí Bàbá mi lára: ìwádìí EchoCRT ti 2013 dán an wò lára àwọn tí QRS wọn kò fẹ̀, àwọn tí a tan ẹ̀rọ fún sì kú ju àwọn tí a kò tan án fún lọ. Tó bá jẹ́ wáyà apá ọ̀tún ló bàjẹ́, àǹfààní rẹ̀ máa ń dín kù. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń gbè é lẹ́yìn: obìnrin sábà máa ń jàǹfààní ju ọkùnrin lọ, ẹni tí kò ní àpá sára ògiri ọkàn sì sàn ju ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti dí rí. Ti ìkẹyìn yìí lè jẹ́ oore fún Bàbá. Nínú ìwádìí THESUS-HF tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, tó jáde ní 2012, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àárẹ̀ ọkàn, ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí kò sì tó ìdá 10. Ẹ bi dókítà pé èwo ni ti Bàbá.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kà kì í ṣe irọ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta là ń pè ní “ẹni tí kò dáhùn.” Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń pè ní ìdáhùn? Àwọn kan ń wo echo, ìyẹn àwòrán ọkàn tí a fi ìró yà, bóyá ọkàn tó ti fẹ̀ ti sún kì: wọ́n máa ń fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣẹ́kù nínú yàrá òsì lẹ́yìn ìfúnpọ̀ ti fi ìdá 15 nínú 100 dín kù. Àwọn kan ń wo ìrìn. Àwọn kan ń bi aláìsàn bí ara ṣe rí. Àwọn kan ń ka ẹni tó ṣì wà láàyè. Ẹni tó yege níbì kan lè kùnà níbòmíràn. Ẹni tó sì wà bó ṣe wà lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí àìsàn ọ̀hún ì bá ti gbé e ṣánlẹ̀, “kò dáhùn” ni wọ́n máa kọ sí i. Nínú ìwádìí CARE-HF ti 2005, èèyàn 813 ni wọ́n pín sí méjì, oògùn nìkan àti oògùn pẹ̀lú ẹ̀rọ. Láàárín bí oṣù 29, ìdá 30 nínú 100 kú lápá àwọn oníoògùn nìkan, ìdá 20 lápá àwọn tó ní ẹ̀rọ. Nínú ìwádìí MIRACLE ti 2002, tí èèyàn 453 wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n tan ẹ̀rọ fún fi mítà 39 kún ìrìn ìṣẹ́jú 6 wọn lẹ́yìn oṣù 6, àwọn tí ẹ̀rọ wà lára wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò tan án fi mítà 10 kún un. Mítà 39 lè dà bí ohun kékeré létí yín. Ó ju gígùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ, fún ẹni tó jẹ́ pé láti yàrá dé ilé ìwẹ̀ ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ǹjẹ́ ìrìn lè sọ ẹni tó máa wà nínú ìdá méjì tó jàǹfààní? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi nǹkan méjì mú fún ara wọn. Láti ọdún 1991 la ti mọ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ kò lè lo tó mìlílítà ọ́síjìn 14 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tó bá ti rìn dé òpin agbára rẹ̀, wà nínú ewu púpọ̀. Fún ẹni tó ń lo oògùn bíi bisoprolol tàbí carvedilol, 12 ni a máa ń fi ṣe ààlà. Ẹni tí kò lè rìn tó mítà 300 ní ìṣẹ́jú 6 náà wà nínú ewu. Bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe wà nínú ewu tó ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ, wọn kò sọ ohun tó máa gbà á. Ìrìn ń sọ bí kànga ṣe jìn tó. ECG ló ń sọ bóyá okùn wa dé omi. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Bàbá kò rìn tó, kò yẹ fún ẹ̀rọ, ẹ má gbà. Ní ti ìrìn fúnra rẹ̀, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń rí àlékún jù, torí ẹni tó ti ń rìn mítà 450 kò ní ibi púpọ̀ tó tún fẹ́ lọ. Ó ní ibi tó mọ o: ẹni tó ti wà lórí ibùsùn, tó jẹ́ pé oògùn inú omi dírípù ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró, ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbà padà. Bàbá tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn mítà 240 kò sí níbẹ̀.

Àyẹ̀wò ìgbòkègbodò kan wà tó sún mọ́ ohun tí ẹ ń béèrè ju ti ìwọ̀n ìrìn lọ. A lè máa wo ọkàn pẹ̀lú echo nígbà tí aláìsàn bá ń tẹ kẹ̀kẹ́, tàbí kí a fi oògùn dobutamine díẹ̀ ta ọkàn jí lórí ibùsùn. Ọkàn tó bá gbìyànjú, tí ògiri rẹ̀ fún pọ̀ sí i nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, ṣì ní iṣan ààyè nínú. Àwọn bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń dáhùn sí ẹ̀rọ. Èyí tí kò mira rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpá ló kún inú rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè kà “ọ̀kan, méjì, gbé” fún òkú iṣan. Mo gba ọgbọ́n yìí gbọ́. Síbẹ̀, lára èèyàn tí kò pọ̀ ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí rẹ̀, a sì ti jẹ ìyà irú rẹ̀ rí: nígbà kan, echo tó ń wọn bí ògiri ọkàn ṣe ń pẹ́ síra dà bí ẹni pé ó máa dá gbogbo ẹjọ́ yìí, títí ìwádìí PROSPECT ti 2008 fi dán ọ̀nà ìwọ̀n oríṣiríṣi wò lára èèyàn bí 500, tí kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé gbára lé. Tí QRS Bàbá bá fẹ̀ dáadáa pẹ̀lú LBBB, mi ò ní jẹ́ kí àyẹ̀wò dobutamine dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Tó bá bọ́ sí àárín, tí ẹjọ́ kò ṣe kedere, mo máa fẹ́ rí i kí n tó sọ pé kẹ́nikẹ́ni ta nǹkan.

Mo fẹ́ kí a padà sí ibi tí Bàbá ti dúró lẹ́ẹ̀mejì, torí ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò sọ fún mi. Kí ló dá wọn dúró? Ṣé èémí ni, àbí ẹsẹ̀ ló wúwo, àbí òòyì, àbí orúnkún? Olùkọ́ tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé dúró níwájú pátákó, orúnkún rẹ̀ á ti gbọ́ ìyà. Ìyá kan tó ń tajà ní Kàbà rìn mítà 190 níwájú mi. Gbogbo wa ti gbà pé ọkàn ni. Nígbà tó jókòó, mo rí i pé orúnkún ló ń fọwọ́ pa, kò tiẹ̀ mí gúle. Mo bi í pé kí ló ń lò sí i. Ó tú ìkángun aṣọ rẹ̀, ó mú káàdì diclofenac jáde, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, ó ti tó oṣù mélòó kan. Oògùn ara ríro wọ̀nyí, diclofenac àti ibuprofen, ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, wọ́n sì ń da iṣẹ́ oògùn ọkàn rú. A dá a dúró, a wá nǹkan mìíràn fún orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú fà, ó sì rìn ju 300 lọ kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kankan. Ẹ wo àpò Bàbá. Ẹ wo inú ìgò àgbo náà.

Ìbòmú yẹn wúlò gan-an fún irú nǹkan báyìí. Bí èèyàn bá ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó ń mí jáde á pọ̀ ju ọ́síjìn tó ń lò lọ. Tí a bá fi ọ́síjìn náà pín afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí yẹn, tí kò sì tó bí 1.05, ohun mìíràn ló dá a dúró kí ọkàn tó rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọkàn. Ó lè fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára, èyí tí a kò gbọ́dọ̀ ṣàìyẹ̀ wò, pàápàá irin inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè fi hàn pé ìlù ọkàn kọ̀ láti yára: ẹsẹ̀ ń yára, ọkàn wà lójú ìlù 75 ní ìṣẹ́jú kan tó wà tẹ́lẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa to ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ẹ̀rọ náà lè bá ọkàn yára nígbà iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣí apá yẹn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tí ìlù ọkàn bá ń dàrú, tí kò ní ìtò, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkàn á máa gba àṣẹ mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ó yà mí lẹ́nu pé ṣáájú ni gbogbo èèyàn ń bi mí nípa àyẹ̀wò yìí, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti wọlé ni mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀ jù. Bíríkìlà kan wá bá mi lẹ́yìn oṣù 7 tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí i lára níbòmíràn. Ó ní owó òun ti ṣòfò: lórí ìjókòó ara òun le, tí òun bá ti ń gun òkè lọ sílé, bíi ti tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ti kọ “kò dáhùn” sínú ìwé rẹ̀. ECG rẹ̀ lórí ibùsùn dára, QRS rẹ̀ ti sún kì. Mo ní kó gun ẹ̀rọ ìrìn. Ìṣẹ́jú kìíní, ìkejì, ìkẹta, ó dára. Nígbà tí ìlù ọkàn rẹ̀ kọjá 110, QRS náà fẹ̀ lójú mi báyìí, ó padà di ti àtijọ́, ọwọ́ ọkùnrin náà sì lọ sí irin tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà ti fi 110 ṣe ààlà, ẹ̀rọ kò sì lè tẹ̀ lé ọkàn kọjá ibẹ̀. A gbé ààlà náà sókè sí 140, a sì tún àkókò tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ tò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló pè mí láti orí àkàbà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011, lórí àwọn tó lé ní 36,000, fi hàn pé àwọn tí ẹ̀rọ ń darí ìlù ọkàn wọn ju ìdá 98 nínú 100 lọ ló ń pẹ́ láyé jù. Lórí ibùsùn, ẹ̀rọ lè dà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pé. Ìrìn ló ń tú u fó. Nítorí náà, tí ẹ bá fi í sí Bàbá lára, ẹ rí i pé wọ́n tún rìn lẹ́yìn oṣù 3 sí 6, kí a sì fi í wé mítà 240 yìí.

Ó ku ti oko. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi dókítà ni pé, ṣé Bàbá ti lo àwọn oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yẹ, ní ìwọ̀n tó tó, fún ó kéré tán oṣù 3? Mo ń sọ nípa oògùn ìdílé lisinopril tàbí sacubitril pẹ̀lú valsartan, oògùn bíi carvedilol tàbí bisoprolol, spironolactone, àti dapagliflozin tàbí empagliflozin. Mo ti rí ọkàn tó wà ní 28 tó gòkè kọjá 35 pẹ̀lú oògùn nìkan, pàápàá tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Tí oògùn náà kò bá tíì pé, ẹ dúró kó pé, kí wọ́n tún echo ṣe, kí ẹ tó pe ẹni tó fẹ́ ra oko. Àmọ́ kí ìdúró yẹn má di ọdún kan. Ìkejì, oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà: èyí tó kàn ń darí ìlù ọkàn, àti èyí tó tún lè fi iná jí ọkàn, tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Èyí tí kò ní iná ni wọ́n fi ṣe CARE-HF, òun ló sì gba ẹ̀mí èèyàn là níbẹ̀. Nínú ìwádìí DANISH ti 2016, fún àwọn tí kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ dídí ló ba ọkàn wọn jẹ́, fífi apá tó ń jí ọkàn kún un kò dín àpapọ̀ iye àwọn tó kú kù. Ní ọjọ́ orí Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, tí wọn kò sì dákú rí, ẹ béèrè bóyá ti àkọ́kọ́ kò ní tó. Ìkẹta, àwọn onímọ̀ kan ti ń fi wáyà kan ṣoṣo gún ojú ọ̀nà iná ọkàn fúnra rẹ̀ ní apá òsì, wọ́n sì lè fi pésìmékà lásán ṣe é. Ìwádìí rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó ti oní wáyà mẹ́ta, ṣùgbọ́n níbi tí owó ti há, tí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é sì mọ́ ọn, kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé pé bátìrì máa ń tán, ọdún bíi 5 sí 8 ni fún ọ̀pọ̀ oní wáyà mẹ́ta, owó míì sì nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ó ti máa rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò láti Ìsánlú, àti iye tí ọkọ̀ ń gbà lọ síbẹ̀. Tí ECG bá fẹ̀ bí mo ṣe wí, tí oògùn ti pé, tí Bàbá sì ṣì ń dúró lẹ́ẹ̀mejì nínú ìṣẹ́jú 6 nítorí èémí, èmi á ta oko náà. Bí wọ́n bá lè tà lápá kan, kí wọ́n tà á lápá kan.

Títí ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ máa ṣọ́ ìrìn Bàbá nílé. Láti ẹnu ọ̀nà yín dé ṣọ́ọ̀ṣì, igi wo ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ dúró? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ara wọn ní àràárọ̀. Bí ó bá fi kílò méjì lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, ẹ pe dókítà. Ní ọjọ́ náà, kí wọ́n jẹ oúnjẹ fúyẹ́ ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí iyán dúró de ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, àyàfi tí dókítà bá ní kí wọ́n má lò ó. Bàtà tó dè mọ́ ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Kí Màmá tẹ̀ lé wọn lọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí Màmá jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí Bàbá lórí ẹ̀rọ. Gbogbo ìwé ECG tí wọ́n ti ṣe rí ni kí ẹ kó dání, ti àkọ́kọ́ pàápàá, èyí tó ṣeé ṣe kó ti máa pọ́n lẹ́tì nínú àpótí.